Ẹ Tún Fírémù Ṣe Kí Ẹ Tó Gé Ohunkóhun

Ẹ ní DVD Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ yín, eré ìbẹ̀rù apá méjì tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan bí 1990, gbogbo rẹ̀ tó wákàtí 3, ẹ sì fẹ́ gé e di fíìmù kan tí kò ní ju wákàtí 2 lọ. Ohun méjì lẹ béèrè: báwo lẹ ṣe máa mú àwọn ibi tí àwòrán ti ń ṣókùnkùn fún ìpolówó ọjà kúrò, àti sọ́fítíwíà wo lẹ máa lò. Màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ò béèrè ló máa fìyà jẹ yín jù, ojú mi sì ti rí tó nídìí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ mú un.

Ẹ fi MakeMKV kó eré náà kúrò lórí díìsì, ẹ gba ohùn àti àkọlé inú rẹ̀ pọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku àwòrán. Fíìmù gidi ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ irú eré yìí, fírémù 24, ìyẹn àwòrán 24, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ìgbà náà sì ń lo 29.97, ká kúkú pè é ní 30, ó pín fírémù kọ̀ọ̀kan sí field 2: ọ̀kan gbé ìlà 1, 3, 5 dání, èkejì gbé ìlà 2, 4, 6. Kí 24 lè kún tó 30, wọ́n á tẹ fírémù fíìmù kan sínú field 2, wọ́n á tẹ èyí tó tẹ̀ lé e sínú field 3, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é títí. Èrè rẹ̀ ni pé nínú fírémù 5 tó wà lórí DVD yín, 3 mọ́, 2 yòókù jẹ́ àdàpọ̀ àwòrán méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ dá a dúró níbi tí ẹnì kan ti ń sáré, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwájú ní fírémù kan-kan. Etí apá rẹ̀ á ya bí eyín òòyà nínú fírémù 2, á gún régé nínú 3, á tún ya.

Ibi tí àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá ti ń ṣi èèyàn lọ́nà nìyí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní "ṣáà deinterlace ẹ̀", ìyẹn ni pé kí ẹ sọ field di odindi àwòrán, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ẹ má gbà fún wọn. Yadif àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe deinterlace á sọ field kan nù, wọ́n á máa méfò ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Fírémù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ á di wúruwùru, ẹ̀dà tó wà nínú fírémù 5 kò sì ní kúrò, kámẹ́rà tó ń rọra yí á máa ta gìrì-gìrì lójú. Inverse telecine lẹ nílò, ìyẹn dídá fídíò padà sí fírémù tí fíìmù ní tẹ́lẹ̀. Nínú AviSynth, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí láti tún fídíò ṣe, àṣẹ TFM ló kọ́kọ́, TDecimate ló tẹ̀ lé e. Nínú VapourSynth tó jọ ọ́, VFM àti VDecimate. TFM á wá field tó jẹ́ ti ara wọn, á so wọ́n pọ̀. TDecimate á yọ ẹ̀dà kan kúrò nínú márùn-ún. Ohun tí ẹ máa bá lẹ́yìn rẹ̀ ni 23.976 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 24 ti fíìmù bó ṣe rí lórí fídíò Amẹ́ríkà, fírémù tó pé pérépéré. Ẹ má ṣe fa àwòrán gùn tàbí kí ẹ dín in kù kí ẹ tó ṣe èyí o. Tí ẹ bá ti yí gíga rẹ̀ padà, àwọn ìlà ti wọ ara wọn nìyẹn, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́.

Ó ṣì kù. Ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, orí téèpù fídíò ni wọ́n ti gé e, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fíìmù di fídíò tán. Nítorí náà, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gé e ni ètò 2 àti 3 yẹn ti ń já. Sọ́fítíwíà tó bá kàn ń ka 2, 3, 2, 3 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin á ṣìnà lẹ́yìn ìran kìíní. TFM ń wo fírémù lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ máa rí fírémù kan létí gígé tí ìdajì ìlà rẹ̀ jẹ́ ti ìran tó kọjá. Ẹ yọ fírémù yẹn jù nù. Ẹ má tún un ṣe.

Èyí tó burú jù ni ibi tí iwin tàbí ẹranko abàmì bá ti jáde. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ fídíò ni wọ́n fi ṣe idán yẹn, 29.97 gan-an ló jẹ́, kò sí ẹ̀dà kankan nínú rẹ̀. TDecimate ò mọ̀, á ṣáà yọ ọ̀kan nínú márùn-ún, iwin yín á wá máa tiro. Ẹ kọ àkókò àwọn ibi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fi QTGMC, àṣẹ tó ń ṣe deinterlace, ṣe wọ́n, kí ẹ wá sọ wọ́n di 23.976. Níbẹ̀ nìkan ni deinterlace ti wúlò. Àwọn orúkọ òṣèré tó ń gòkè lópin náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, tuntun lẹ máa kọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní díìsì Yúróòpù pé kí ẹ fi dí ibi tó bàjẹ́, ẹ ṣọ́ra. Fírémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni tiwọn, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n kàn sá fíìmù náà yára ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìṣẹ́jú 180 á di nǹkan bí 173, ohùn gbogbo èèyàn á sì tín-ín-rín díẹ̀. Ẹ dá a padà sí 23.976 pẹ̀lú ohùn rẹ̀ kí ẹ tó pa á pọ̀ mọ́ tiyín.

Ẹ tún rántí pé àwọn pixel, ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n fi to àwòrán 720×480 orí DVD, kì í ṣe igun dọ́gba. 640×480 ni fún àwòrán 4:3. Ẹ má nà án kó bá tẹlifíṣọ̀n òde òní mu, ojú gbogbo wọn á fẹ̀. Àwọn ètò tó ń fi AI sọ àwòrán di ńlá ńkọ́? Wọ́n á fi ìda kun ojú òṣèré, wọ́n á sì nu òkùnkùn igun yàrá tí ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀ dànù.

Ó yá, sọ́fítíwíà: DaVinci Resolve ti ọ̀fẹ́ tó yín. Kí ẹ tó fa ohunkóhun sínú rẹ̀, ẹ tò ó sí 23.976, torí kò ní gbà kí ẹ yí i padà mọ́ tí fáìlì bá ti wọlé. Ẹ gbé fídíò tí ẹ tún ṣe yẹn wọlé ní ProRes 422 tàbí DNxHR, irú fáìlì tó tóbi ṣùgbọ́n tó rọrùn láti gé. Tó bá jẹ́ Blu-ray 1080p lẹ ń gé, ProRes 422 wákàtí 3 á gba nǹkan bí 158 GB. Ti DVD kéré sí i dáadáa.

Ti ìpolówó ọjà wàyí. Ohùn ni ìṣòro ibẹ̀. Kí ìpolówó tó dé, orin á ké sókè, àwòrán á ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìta ilé kan hàn, ìran tuntun á bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá kàn gé òkùnkùn náà jù nù, ìrù orin á já pàà. Ẹ gé àwòrán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú rárá, fírémù mélòó kan ṣáájú, torí orí fídíò ni wọ́n ti mú un ṣú, TFM sì máa ń dàrú níbẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí ìrù orin náà máa dún lọ lórí àwòrán ìran tó kàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 1 sí 2, kó máa rọlẹ̀. Tí ìran náà bá dákẹ́, ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ mú ìdákẹ́ yàrá yẹn, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ojú gígé. Fírémù 2 ló kéré jù tí ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi kọjá lára wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa gbọ́ tàà. Níbi tí orin bá ti bo ọ̀rọ̀, sọ́fítíwíà Demucs lè ya ohùn èèyàn kúrò lára orin, ṣùgbọ́n igbe àti ìró ilẹ̀kùn á bọ́ sí ibi tó bá wù wọ́n. Ibi kéékèèké nìkan ni kí ẹ ti lò ó.

Láti dé wákàtí 2, ẹ kọ́kọ́ mú àtúnsọ ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì kúrò, lẹ́yìn náà ibi tí ẹnì kan ti ń ròyìn ohun tí a ti fojú rí. Tí eré náà bá ń lọ sí ìgbà èwe, tó ń padà sí ìgbà àgbà, ẹ ṣọ́ra fún ibi tí ojú àgbàlagbà ti ń yọ́ di ojú ọmọdé. Àwòrán méjèèjì ti wà nínú fírémù kan náà, ẹ ò lè yà wọ́n. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ni kí ẹ gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa pàdánù ọ̀rọ̀ díẹ̀. Salem's Lot ti 1979, eré ìbẹ̀rù apá méjì lórí tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gé di ìṣẹ́jú 112 fún sinimá Yúróòpù. Tí ẹ bá rí méjèèjì, ẹ fi wọ́n wé ara wọn kí ẹ tó mú ọ̀bẹ.

Ti òfin: ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní DMCA 1998 ò fẹ́ kí ẹ já àgádágodo DVD. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ìjọba ibẹ̀ ń ṣe àyọkúrò, ojú ìwé rẹpẹtẹ, síbẹ̀ apá kúkúrú fún fídíò tí kò sí owó nínú rẹ̀ ni wọ́n gbà, wọn ò dárúkọ irú iṣẹ́ yín. Ẹ má tà á. Tí ẹ bá gbé e sórí YouTube, Content ID, ètò wọn tó ń dá iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ̀, lè mú un kíá.

Ẹ gbé e jáde ní x264, ètò tó ń fún fídíò pọ̀, ní CRF 16 sí 18 (òṣùwọ̀n dídára rẹ̀, èyí tó kéré ló dáa jù), pẹ̀lú tune grain tí kì í nu hóró fíìmù. Àkọlé DVD, àwòrán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ fi sọ́fítíwíà Subtitle Edit sọ ọ́ di SRT, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ wá tún àkókò rẹ̀ tò nígbà tí gígé bá ti parí pátápátá, torí gbogbo fírémù tí ẹ bá yọ lẹ́yìn ìyẹn á tún sún un kúrò níbi tó wà.