Ẹ bi báńkì léèrè ẹni tó ṣí àkáǹtì yín wò

Arábìnrin mi, ẹ ní àbúrò ọkọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ló lọ sọ iye owó yín fún ìyá ọkọ yín, mánijà sì ní kí ẹ lọ parí ẹ̀ nílé torí pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Irọ́ ni o. Báńkì lè sọ̀rọ̀ àkáǹtì yín bí òfin tàbí kóòtù bá pàṣẹ, tàbí bí ẹ̀yin fúnra yín bá fọwọ́ sí i. Ìyá ọkọ kò sí níbẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí gíratúítì mi wọlé. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi tí ìbátan mi kan fi pè mí láti Ṣakí, tó dárúkọ owó náà títí dórí kọ́bọ̀, tó ní kí n wá bá òun parí òrùlé ilé òun. Ara mi gbọ̀n.

Ohun tó gbà mí ni lẹ́tà. Kọ̀ǹpútà báńkì máa ń tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́ tó bá ṣí àkáǹtì oníbàárà wò, ọjọ́ àti aago tó ṣí i wò. Torí náà, ẹ má kàn kọ pé wọ́n tú àṣírí yín. Ẹ béèrè pé: láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, ta ló ṣí àkáǹtì mi wò, iṣẹ́ wo ló sì gbé e débẹ̀? Ìbéèrè yẹn ni wọn ò rí sá fún. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, ẹni tí wọ́n rí kì í ṣe ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ti ń fura sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni lójú ẹbí.

Ẹ mú lẹ́tà náà lọ sí báńkì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà ní CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ fi nọ́ńbà náà sí i.

Àjọ NDPC náà wà, èyí tí òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn. Ní 2024, wọ́n bu ìtanràn 555.8 mílíọ̀nù náírà lé báńkì kan lórí. Ohun tí báńkì yẹn ṣe yàtọ̀ sí tiyín, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọwọ́ àjọ yẹn lè tẹ báńkì. Òfin kan náà gbà yín láàyè láti béèrè owó gbà-má-bínú ní kóòtù bí ọ̀rọ̀ náà bá pa yín lára. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, tó dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, sì wà tí lọ́yà yín lè gbára lé.

Wọ́n á wá bẹ̀ yín. Ìyá ọkọ yín á ní ṣé ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ òun ni. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jókòó sọ ọ́ kí ẹ tó kọ̀wé: ṣé kí báńkì tọrọ àforíjì lórí ìwé ni ẹ fẹ́, ṣé kí wọ́n ti ọ̀nà àkáǹtì yín mọ́ òṣìṣẹ́ yẹn, àbí kí wọ́n san owó? Èyí tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí ni kí ẹ kọ síparí lẹ́tà.