Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Láti Yunifásítì Dé Ibi Tí Bọ́ọ̀lù Ti Ń Di Iṣẹ́ Òòjọ́

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbọ̀nà ni mo ń gbé ní Òṣogbo níbí. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó ti ga jù mí lọ dáadáa, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Kò pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ńtì wá ń sọ fún un pé gíga rẹ̀ ti tó láti sọ ọ́ di Ọlájùwọ́n kejì, pé kí á mú owó wá kí òun fi mú un lọ sí Amẹ́ríkà, kí ó sì pa ìwé tì kíákíá. Báwo gan-an ni Ọlájùwọ́n ṣe ti yunifásítì di ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, ṣé ọ̀nà náà sì ṣì ṣí sílẹ̀? — Bàbá kan, Ìgbọ̀nà

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, a kí yín. Ẹni tí ń fi gíga nìkan dán ojú ọmọ yín kò sọ ìtàn Ọlájùwọ́n bí ó ṣe rí. Gíga ni ó jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí ó lò ní yunifásítì ni ó sọ ọ́ di agbábọ́ọ̀lù.

Èkó ni wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n sí ní 1963. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ ń gbá, gólì ni ó sì máa ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ ìyára tí a kì í sábà rí lára ẹni tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Ní 1980 ni ó wọ Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis. Ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀ lé e: ní gbogbo sáà àkọ́kọ́, kò kópa nínú ìdíje kankan, ìgbaradì nìkan ni ó ń ṣe. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ní sáà 1981 sí 1982, ojú àmì 8.3 péré ni ó ń jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, bí a bá ṣírò rẹ̀ papọ̀. Ẹni tí ó bá wo iye yẹn nígbà náà kò ní sọ pé ẹni ńlá ni yóò dà.

Ní àkókò ìsinmi, ó ń lọ bá Moses Malone, ẹni tí ó ti di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú Houston Rockets, ẹgbẹ́ tí ń fi bọ́ọ̀lù náà jẹun ní ìlú Houston, nígbà náà, tí àwọn méjèèjì sì ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn lábẹ́ agbọ̀n ní gbọ̀ngàn ìṣeré kan ní ìlú Houston. (Malone fúnra rẹ̀ kò gba yunifásítì kọjá rárá. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òfin kan ṣoṣo ni a ń fi lé gbogbo ènìyàn lórí.) Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, ojú àmì Ọlájùwọ́n gòkè sí 13.9, ní sáà kẹta ó di 16.8. Ìgbà mẹ́ta léra wọn, 1982, 1983 àti 1984, ni Houston wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kù sẹ́yìn ní ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, síbẹ̀ wọn kò gba ife náà rí. Ní 1983, North Carolina State fi 54 sí 52 lù wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ọlájùwọ́n ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pàdánù.

Ní 1984, nígbà tí ó ṣì ku sáà kan fún un, ó fi orúkọ sílẹ̀ fún ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà, fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Houston Rockets ni ó kọ́kọ́ yàn, òun náà ni wọ́n sì yàn. Michael Jordan ni ẹni kẹta. Ọdún mẹ́wàá ni ó sì tún lò kí ó tó gba ife àkọ́kọ́ ní 1994. Ní sáà yẹn, àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta ni ó gbà: ti agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ, ti ẹni tí ó mọ alátakò dènà jù lọ, àti ti ẹni tí ó tayọ jù nínú àṣekágbá. Kò tí ì sí ẹlòmíràn tí ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní sáà kan. Wọ́n tún gba ife ní 1995. Ó fẹ̀yìn tì ní 2002, iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù alátakò dànù lókè, 3,830, sì wà lórí gbogbo ẹlòmíràn títí di òní.

Kí á má baà fi ti ẹyọ ẹnì kan ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ wo àwọn méjì mìíràn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Michael Olowokandi, tí wọ́n bí sí Èkó tí ó sì dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ti di géńdé kí ó tó mú bọ́ọ̀lù náà ní òkúnkúndùn ní Yunifásítì Pacific ní California. Ní sáà ìkẹyìn rẹ̀ níbẹ̀ ó ń jẹ ojú àmì tí ó lé ní 22, èyí sì mú kí Los Angeles Clippers fi ṣe àkọ́yàn ní 1998, ṣáájú Vince Carter àti Dirk Nowitzki. Àkọ́yàn ni òun náà bíi Ọlájùwọ́n, ṣùgbọ́n orúnkún dà á láàmú, kò sì dé ibi tí wọ́n retí. Yinka Dare ní tirẹ̀ lo sáà méjì péré ní Yunifásítì George Washington. New Jersey Nets yàn án sí ipò 14 ní 1994, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì gbá ní sáà àkọ́kọ́ kí orúnkún tó dá a dúró. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì kò ṣaláìní ẹ̀bùn. Ọjọ́ orí tí ọmọ bẹ̀rẹ̀, àwọn alátakò tí ó fi kọ́ṣẹ́, àti ìlera ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé, ejẹ́ńtì kì í sì í mẹ́nu ba ọ̀kankan nínú wọn.

Ọ̀nà náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó tóóró. Nǹkan bí 60 àyè ni ètò ìyàn NBA ní lọ́dún fún gbogbo ayé, nígbà tí àwọn yunifásítì tí ó wà ní ipele tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà lé ní 350. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọn kò bá yàn ni ó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ní Yúróòpù àti Éṣíà, tàbí nínú líìgì Áfíríkà tí NBA àti FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé, dá sílẹ̀, tí ìdíje rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2021, níbi tí Rivers Hoopers ti Port Harcourt ti ṣojú orílẹ̀-èdè wa.

Ní ti ọkùnrin yẹn, ẹ má fún un lówó. Ejẹ́ńtì tòótọ́ ń gba ìdá díẹ̀ nínú owó tí agbábọ́ọ̀lù bá ti rí gbà, ọmọ tí ó bá sì ti bá ejẹ́ńtì tọwọ́ bọ̀wé lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti gbá fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì tí ó bá fẹ́ ọmọ yín yóò fi ìwé ẹ̀rí ìgbaniwọlé tí wọ́n ń pè ní I-20 ránṣẹ́, láìsí i, kò sí físà akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ sì lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra yín láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ọmọ yín gan-an. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọ yunifásítì, ìbáà ṣe ní Òṣogbo níbí, ni àwọn aláṣẹ eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà ti ń ka ọdún fún un, ọdún márùn-ún ni òfin wọn sì ti ń fún un láti ọjọ́ yìí wá. Nítorí náà, ìdúró pẹ́ kò dára, ìfìwésílẹ̀ náà kò sì dára, nítorí èsì ìdánwò rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè. Kí ó wọ ẹgbẹ́ yunifásítì rẹ̀, kí ó bá wọn lọ sí NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà, bí ààyè bá yọ, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ níbi tí ó ti ń bá àwọn tí ó gbóná jù ú lọ figagbága, kí òun fúnra rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni mí ní Òkè-Baálẹ̀. Ṣé ti ọkùnrin nìkan ni gbogbo èyí? — Òǹkàwé yín

ÌDÁHÙN: Rárá o, arábìnrin wa. Ní tòótọ́, àwọn obìnrin ni ó ń gbé orúkọ wa ga jù nínú eré yìí: D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, àwọn sì ni ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Òlíḿpíìkì, ní Paris ní 2024. Owó WNBA, líìgì àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, kéré sí ti ọkùnrin púpọ̀, èyí kò ṣeé fi pamọ́, ṣùgbọ́n òfin wọn máa ń mú kí àwọn obìnrin pẹ́ ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ sì ń jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ wo Evelyn Akhator, ọmọ Nàìjíríà: kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Florida, Chipola, ni ó ti kọ́kọ́ gbá, kí ó tó lọ sí Yunifásítì Kentucky, Dallas Wings sì yàn án sí ipò kẹta ní 2017. Irú kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ìdíje fún àyè níbẹ̀ kò sì le tó ti àwọn yunifásítì ńlá, nítorí náà bí ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ kọ sí wọn pẹ̀lú.