"Ẹni a fẹ́ la mọ̀": kí ni òwe yìí ń sọ gan-an?

Àbúrò mi kan láti Òmù-Àrán ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n so yìgì rẹ̀ ní Ìlọrin. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà pè é sí ìyẹ̀wù, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní: "Ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mẹni tó fẹ́ni." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà ò sùn mọ́jú. Ó kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyá ń kìlọ̀ fún mi pé ọkọ mi ò fẹ́ràn mi ni? Àbí ìfẹ́ fúnra rẹ̀ ni kò ṣeé gbára lé?"

Rárá o, àbúrò mi. Bí ìkìlọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń gbọ́ òwe yìí, torí pé "fẹ́" ni etí wọn máa ń gbá mú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, "mọ̀" ni òpó tó gbé e dúró.

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ mímọ̀ ṣeré. Sọ láàárín àgbà pé o mọ̀ pé báyìí báyìí ló ṣẹlẹ̀, wọn á bi ọ́ pé: "Ṣé ó ṣojú ẹ?" Bí kò bá ṣojú rẹ, o ò mọ̀ ọ́n, o gbà á gbọ́ ni. O gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, o sì gbà á. Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn wa lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ìwé wọn sì jáde ní 1986. Ohun tí àwọn àgbà náà fi yé wọn ni pé ohun tó ṣojú ẹni ni ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́, títí kan èyí tí a kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni, àfi tí a bá dán an wò tó sì hàn sí wa.

Wá fi ìyẹn wo òwe ìyá àgbà. Ìfẹ́ tí o ní sí ọkọ rẹ, inú rẹ ló wà, ìwọ lo sì ń rí inú rẹ. O mọ̀ ọ́n. Èyí tí òun ní sí ọ, inú tirẹ̀ ló wà, kò sì sẹ́ni tó wọnú ẹlòmíì rí. Ohun tó bá sọ, o gbọ́. Ohun tó bá ṣe, o rí. Ìfẹ́ náà gan-an, o gbà á gbọ́ ni. Òwe yìí ò sọ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ọ. Ibi tí ojú ọmọ ènìyàn mọ ló ń sọ.

Eré kan wà tí wọ́n ṣe níwájú ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1606, tí Shakespeare kọ, lórí ọba arúgbó kan tó ń jẹ́ Lear. Mi ò tíì rí ìtàn tó ṣàlàyé òwe wa tó bẹ́ẹ̀. Ọba yìí fẹ́ pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta, ó sì ní kí kálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ bí òun ṣe fẹ́ràn bàbá tó. Àwọn méjì àgbà sọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n gba ilẹ̀. Cordelia, àbíkẹ́yìn, tí bàbá fẹ́ràn jù, ní òun fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ fẹ́ràn bàbá, kò lé, kò dín. Bàbá lé e jáde. Ìgbà tó yá, àwọn tí ó ní kí wọ́n fẹ́ òun lójú, ata ni wọ́n fi sẹ́nu: wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú ìjì. Cordelia ló padà wá gbà á. Lear mọ ẹni tó fẹ́. Kò mọ ẹni tó fẹ́ ẹ, torí pé ẹnu ló ń wò.

Àwa tí a ń gbé Ìlọrin, ó yẹ kí èyí tètè yé wa. "Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀" ni wọ́n ń kì wá, mo sì fẹ́ràn oríkì yẹn dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹnu tó dùn ju iyọ̀ lọ yàtọ̀ sí iyọ̀ tí a jọ jẹ. Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, fa òwe àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ pé ẹni méjì ò lè mọ ara wọn títí wọn yóò fi jọ jẹ iyọ̀ pọ̀. Iyọ̀ inú ọbẹ̀, ní díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun náà ló ní láti fẹ́ràn ènìyàn ni pé kí o fẹ́ ire fún un nítorí tirẹ̀, kì í ṣe nítorí tara rẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi sọ ìyẹn: afẹ́nifẹ́re. Orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni ọ̀pọ̀ fi mọ̀ ọ́n láti ayé Action Group ní 1951, ṣùgbọ́n tú u wò, wàá rí i pé "fẹ́ni" àti "fẹ́re" ò ṣeé yà sọ́tọ̀ níbẹ̀.

Apá kejì òwe yìí tún wà, tí n kò fẹ́ kí o gbàgbé. Ìdùnnú ni wọ́n sábà máa ń fi pa á nílé wa. Nígbà tí ìyá mi wà lórí àìsàn, àwọn tí mo fojú sí lọ́nà ò wá. Ìyá oníwàrà kan ládùúgbò, tí èmi àti ẹ̀ tiẹ̀ ti jà nítorí gọ́tà, òun ló ń wá láàárọ̀ láàárọ̀, tó ń bá mi wẹ ìyá, tó ń fọ aṣọ wọn. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ dìde jókòó fúnra wọn, wọ́n wo obìnrin náà títí, wọ́n wá mí kanlẹ̀, wọ́n ní: "Ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mẹni tó fẹ́ni." Ìfẹ́ wà nítòsí wa tí a ò mọ̀.

Ní ti yìgì rẹ, fetí sí ohun tí ààfáà yóò kà. Wọ́n sábà máa ń ka ẹsẹ 21 nínú Sura Ar-Rum, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun dá aya fún yín láti ara yín kí ọkàn yín lè balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, òun sì fi ìfẹ́ àti àánú sáàárín yín. Mo máa ń dúró lórí àánú yẹn. Ìfẹ́ lè fara pamọ́ sínú, ṣùgbọ́n àánú máa ń hàn lọ́wọ́: ta ló dìde fún ọmọ lóru, ta ló rọra sọ̀rọ̀ nígbà tí owó tán. Èyí máa ṣojú rẹ.

Bí o bá padà dé Òmù-Àrán, má bi ìyá àgbà bóyá wọ́n fura sí ọkọ rẹ. Jókòó tì wọ́n, kí o bi wọ́n pé ta ló fẹ́ wọn rí tí wọn ò mọ̀. Ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú kó tó pa irú òwe yìí, ìtàn ẹnì kan ló wà nínú rẹ̀.