Ìbéèrè Yín: Ṣé Kí Ẹni Tí Kọlẹ́sítẹ́róòlù Rẹ̀ Ga Jáwọ́ Nínú Edé àti Akàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóṣù tó kọjá, wọ́n sì sọ fún un pé kọlẹ́sítẹ́róòlù rẹ̀, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ti ga. Láti ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ ti ń pariwo pé n kò gbọdọ̀ fi edé tàbí akàn sí ọbẹ̀ mọ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni wá, ẹ̀bá omi la ti dàgbà. Kí ni kí n wá máa fi se ọbẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Àbúrò ọkọ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà náà wà gan-an kọ́ ni ó ń tọ́ka sí. Òótọ́ ni pé 100 gírámù edé tútù tí a ti bó tí a sì sè ní kọlẹ́sítẹ́róòlù tó nǹkan bí 190 sí 210 mílígírámù, èyí tí kò jìnnà sí ti ẹyin ńlá kan. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́róòlù inú ẹ̀jẹ̀, ohun tí ó sì sábà máa ń mú un ga ju oúnjẹ tí ó ní kọlẹ́sítẹ́róòlù lọ ni irú ọ̀rá tí àwọn oníṣègùn ń pè ní saturated. Ọ̀rá yìí kò tó gírámù 1 nínú edé tí mo wí yẹn, nígbà tí ṣíbí ńlá kan péré nínú epo pupa ní tó gírámù 6 tàbí 7. Epo á léfòó sórí ọbẹ̀ rẹpẹtẹ, a ó wá máa bá edé tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò wíjọ́! Kódà, ìlànà oúnjẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà fún ọdún 2015 sí 2020 yọ òté 300 mílígírámù tí wọ́n ti fi sí kọlẹ́sítẹ́róòlù òòjọ́ tẹ́lẹ̀ kúrò.

Èrè tí ó wà nínú edé náà kò kéré. Purotéènì inú 100 gírámù yẹn tó gírámù 23 tàbí 24. Purotéènì inú 100 gírámù ẹran akàn fi díẹ̀ dín sí ìyẹn, ṣùgbọ́n fítámì B12 inú rẹ̀ ju èyí tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ lọ, síǹkì rẹ̀ sì sún mọ́ ìdajì ohun tí obìnrin nílò. Ohun rúsúrúsú tí a máa ń fá nínú ìkarahun akàn, tí ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn ju ẹran rẹ̀ lọ, ni kí ọkọ yín dín kù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rá akàn ń kó jọ sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn májèlé bíi cadmium ń sá pamọ́ sí bí omi kò bá mọ́.

Ní ti edé gbígbẹ, omi ara rẹ̀ ti lọ, nítorí náà gbogbo èròjà rẹ̀ ti ki pọ̀, títí kan iyọ̀. A sì ń lọ̀ ọ́ tòun tìkarahun rẹ̀ ni, ìyẹn ni kálísíọ́ọ̀mù ṣe ń bá a wọ ìkòkò. Ẹni tí ó bá bó edé tútù ti da ìkarahun náà nù. Bí ẹ bá ti fi edé gbígbẹ sí i, ẹ dín iyọ̀ àti Mágì kù. Ìṣáwùrù kò ní ọ̀rá púpọ̀, kí ẹ ṣáà sè é jinná dáadáa.

Ẹ máa fi edé àti akàn se ọbẹ̀ yín lọ, ẹ má ṣe dín wọn nínú òróró, kí ẹ sì ṣọ́ epo. Bí ọkọ yín bá ní àtọ̀gbẹ tàbí gáòtù (àrùn tí ń mú oríkèé wú, tí ó sì ń ro ni) pẹ̀lú, kí ó kọ́kọ́ bi oníṣègùn rẹ̀ léèrè ìwọ̀n tí ó bá a mu.

Ìbéèrè: Bí mo bá jẹ akàn, ètè mi á wú, ara á sì máa yún mi. Ìyá mi ní wọn kò sè é jinná ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Adé, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Rárá o. Ó jọ pé purotéènì kan tí ń jẹ́ tropomyosin ni ara yín kò gbà, iná kì í sì í pa á. Edé náà ní in, nítorí náà ẹ yàgò fún méjèèjì títí dókítà yóò fi yẹ̀ yín wò, ẹ sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn bí èémí bá ń há yín lọ́fun. Ẹ máa bi olóúnjẹ léèrè kí ó tó bu mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀fọ́ fún yín, nítorí edé lílọ̀ kì í fojú hàn nínú wọn.