Gbàǹjo orí WhatsApp: ta ló ń mú owó, ta ló ń mú ọjà?

Ẹ BI ÌYÁ ONÍBÀSÁÀ

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni alábòójútó gúrúùpù WhatsApp kan tó jẹ́ ti àwa tá a fẹ́ràn aṣọ òkè àti àdìrẹ. A lé ní 400: Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta, London, títí dé Houston. Iná jó ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa ní Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni. Òfì rẹ̀ jóná, òwú tó fi owó oníbàárà rà náà jóná. A dá owó fún un, kò tó nǹkan. Ẹnì kan wá dábàá pé kí kálukú mú aṣọ kan wá látinú àpótí rẹ̀, ká lù wọ́n ní gbàǹjo láàárín ara wa, kí owó rẹ̀ jẹ́ ti ahunṣọ yìí. Gbogbo ilé ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, bí 80 aṣọ ni wọ́n ti ṣèlérí, ariwo sì ti bẹ̀rẹ̀. Ibo ni kí n ti mú un?*
*Alábòójútó tórí ń fọ́, Ìbàdàn*

Tórí-ń-fọ́, pẹ̀lẹ́ o. Bá mi kí ahunṣọ yẹn kú òfò. Ọlọ́run á fi òfò ra ẹ̀mí.

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ṣe máa dun àwọn kan. Nínú 80 aṣọ yẹn, mú 12, kó o fi ọpẹ́ dá ìyókù padà. Owó gbàǹjo kì í tinú ọjà wá. Ọ̀dọ̀ èèyàn méjì tí ojú wọn jọ wà lára ohun kan ṣoṣo ló ti ń wá. Nínú gbogbo yín, ìwọ̀nba ló máa pe owó; àwọn tó kù á máa wòran, wọ́n á máa fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́. Tó o bá wá tú 80 aṣọ síwájú ìwọ̀nba yẹn, kálukú á rọra mú tiẹ̀ ní owó ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kankan ò ní bá ẹnì kejì du nǹkan.

Ẹ bi èmi tí mo ń lu agogo níwájú ìjọ ní bàsáà ìkórè. Mo ti rí iṣu kan tó mówó wọlé ju àkùkọ mẹ́ta lọ, kì í ṣe pé iṣu náà tóbi. Bàbá ìjọ àti olóyè kan ni wọ́n jọ gbójú lé e, ìyàwó àwọn méjèèjì sì jókòó síbẹ̀. Ti àkùkọ tún yàtọ̀. Ẹni tó rà á á ní, “Mo fi ta Olúwa lọ́rẹ.” Mo tún gbé e sókè, ẹlòmíì rà á, òun náà dá a padà. Àkùkọ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ dídì, tó ń wò wá bí ẹni pé orí wa ti dàrú, á mówó wálé lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ìkòkò ẹnikẹ́ni. Fi ìyẹn sínú ètò yín: ẹni tó bá ra aṣọ lè dá a padà fún àtúntà. Àwọn ará Houston tí owó ìfiránṣẹ́ ń bà lẹ́rù ló máa kọ́kọ́ ṣe é, wàá rí i.

Nínú ẹ̀bùn tí wọ́n mú wá, èyí tí èèyàn ò lè lọ rà lọ́jà lọ́la ni kó o mú. Sányán tí ìyá ẹnì kan fi ṣègbéyàwó. Ẹtù tó ti rọ̀ sára bí ọ̀gbọ́ tí wọ́n ti lò pẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó Mápó sí lára. Áńkárá tí ẹnì kan rà fún ìnáwó lọ́dún tó kọjá tí kò rán, jọ̀ọ́, dá a padà fún un.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìta ni kó o ti yà á, lójú ọjọ́, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù, torí iná ilé máa ń yí àwọ̀ aró padà. Ya odindi aṣọ lórí okùn. Ya etí rẹ̀. Ya ibi tó ti ya tàbí tí ìpẹtà bá mú, kó o sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Lẹ́yìn náà, yí i padà kó o ya ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú kan ni àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ kun ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn á ṣú, ọ̀nà tí wọ́n yà á ṣe bàìbàì níbẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá funfun ju ojú lọ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ẹni tó mú un wá ì báà búra. Má lé e dànù o. Kàn kọ “títẹ̀ ni” síbẹ̀, kí owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì kéré. Fi téèpù wọn gígùn àti fífẹ̀. “Ó tóbi dáadáa” kì í ṣe ìwọ̀n.

Ní ti pípe owó fúnra rẹ̀: dá gúrúùpù mìíràn sílẹ̀ fún gbàǹjo nìkan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, “ẹ káàárọ̀ o” àti àdúrà òwúrọ̀ á bo iye tí ẹnì kan pè láago méje mọ́lẹ̀. Fi nọ́ńbà sí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ pe owó, abẹ́ àwòrán aṣọ yẹn gan-an ni kó ti dáhùn, kó kọ iye rẹ̀ ní náírà, kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan á fẹ́ kọ ọ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀ torí pé wọn ò fẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó wọn rí i. Mo bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ojúlówó gbàǹjo, gbangba ló ń wà. Tí owó ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ₦10,000, sọ pé ẹni tó fẹ́ fi kún un ò gbọdọ̀ fi ohun tó kéré sí ₦2,000 kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ₦50 lé ₦10,000 ṣe yẹ̀yẹ́. Rántí pé WhatsApp máa ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú 15 láti tún ohun tó ti kọ kọ. Iye yòówù tí wọ́n bá tún kọ lẹ́yìn tó ti dé, kò wọnú ìṣirò. Kí akọ̀wé yín máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bó ṣe ń wọlé: orúkọ, iye, aago. Aago orí fóònù akọ̀wé nìkan ni ẹ ó máa tẹ̀ lé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè mú kí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé dé lẹ́yìn.

Ọjọ́ wo ni kó parí? Kì í ṣe Sátidé. Òde àríyá ni gbogbo wọn máa wà, ta ló máa gbọ́ fóònù lábẹ́ gáńgan? Sọ́ńdè láago mẹ́sàn-án alẹ́ ló dára. Nígbà òtútù, aago mẹ́jọ ni ní London, aago méjì ọ̀sán ni ní Houston, ìsìn ti ń parí níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn tí wọ́n bá ti sún aago síwájú, London á bá wa dọ́gba, Houston á di aago mẹ́ta. Kọ aago ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣírò.

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan wà tí wọn ò ní sọ̀rọ̀ látàárọ̀, tó bá ku ìṣẹ́jú kan, wọ́n á já wọlé pẹ̀lú ₦2,000 tó lé. Ohun tó ń pa irú wọn ni pé: tí ẹnikẹ́ni bá pe owó nínú ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn bẹ̀rẹ̀ fún aṣọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni á máa lọ títí tí kò fi ní sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Ní bàsáà, ohun tí à ń ṣe náà nìyẹn nígbà tá a bá ń pe “lẹ́ẹ̀kan… lẹ́ẹ̀mejì…” tá a sì ń wo ojú èrò. Nígbà tó bá parí, ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́: “Aṣọ kẹta, ₦46,000, ó ti lọ.” Òòlù rẹ nìyẹn. Kó tó di pé o kọ ọ́, ẹni tó pe owó ṣì lè yọ ara rẹ̀; lẹ́yìn tó o bá ti kọ ọ́, ó ti rà á nìyẹn.

Ó kan owó gbígbà. Gbèsè ìkórè ló máa ń pa bàsáà wa. Ẹni tó pariwo jù lóṣù kọkànlá, títí di Àjíǹde kò tíì san kọ́bọ̀, a ò sì lè bínú sí i torí ìyá ìjọ ni. Kọ ọ́ síwájú: wákàtí 48. Tí owó ò bá tíì wọlé, aṣọ di ti ẹni tó ṣe ìkejì, ní iye tí òun fúnra rẹ̀ pè kẹ́yìn. Ọjọ́ kan ṣoṣo là ń kọ “má fi oko mi dọ́nà”, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kó jẹ́.

Má jẹ́ kí owó kankan gba inú àkáǹtì tìrẹ kọjá. Mo mọ̀ pé olóòótọ́ ni ọ́, ìdí gan-an tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Kí olùrà fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ahunṣọ náà, kí òun náà sọ fún ìwọ àti akápò pé ó ti wọlé. Kó wo inú àkáǹtì rẹ̀ o, kó má wo alẹ́ẹ̀tì nìkan, torí alẹ́ẹ̀tì òfegè ti gbòde. Aṣọ ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá títí akápò á fi ní “ó ti wọlé”. Ẹni tó rà á ni kó san owó wébíìlì, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀ kí pípe owó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ahunṣọ ya àwòrán òfì tuntun hàn yín nígbà tó bá rà á. Ẹ má ní kó sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ nínú fídíò. Ojú máa ń ti èèyàn.

*Ẹ kú àṣeyọrí, Màmá. Mo fẹ́ ra aṣọ nínú gbàǹjo àwọn ará wa kan tí wọ́n ń kówó jọ fún ilé ìwé. Ẹnì kan ní kí n buwọ́ lu Gift Aid kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó kún un. Ṣé ó ṣeé ṣe?*
*Ìyá Ìbejì, Peckham*

Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ẹgbẹ́ aláàánú tí ìjọba mọ̀ ni wọ́n. Tó bá jẹ́ gúrúùpù lásán bíi ti Tórí-ń-fọ́, kò sí Gift Aid kankan níbẹ̀, ẹ má buwọ́ lu nǹkan.

Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀, 25p ni ìjọba máa ń fi kún £1 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi ta wọ́n lọ́rẹ, bó bá jẹ́ pé ẹ ti san owó orí tó tó iye tí ìjọba á fi kún un. Ṣùgbọ́n owó ọjà kì í ṣe ọrẹ. Ká ní irú àdìrẹ yẹn ń lọ ní £40 nínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì ti sọ iye yẹn fún yín kí ẹ tó pe owó, ẹ wá rà á ní £100. £60 tó lé ni ọrẹ, £15 ni ìjọba á fi kún un. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ iye ṣọ́ọ̀bù fún yín ṣáájú, tàbí tó jẹ́ ohun tí kò sí níbi kankan lọ́jà, ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà, tó ra ọjà nínú gbàǹjo ẹgbẹ́ aláàánú tí ìjọba ibẹ̀ mọ̀, bákan náà ló rí fún un: èyí tó lé lórí iye ọjà nìkan ló lè yọ kúrò nínú owó orí, ẹgbẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ kọ iye ọjà yẹn fún un tí ohun tó san bá ti ju $75 lọ.

*Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́. Nínú gbàǹjo tí a ṣe, mo ń bá ẹnì kan du agbádá ẹtù kan títí mo fi rà á ní owó tó pọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé àbúrò alábòójútó ni ẹni yẹn, wọ́n ní kó máa gbé owó sókè ni. Wọ́n ní torí àánú ni. Ṣé ó tọ́?*
*Bàbá Àgbà, Abẹ́òkúta*

Bàbá, ẹ kú ìnáwó. Kò tọ́, òfin náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1893, tí ti àwọn ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín tẹ̀ lé, sọ ní abala 58 pé ẹni tó ń tajà ní gbàǹjo ò gbọdọ̀ pe owó fúnra rẹ̀ tàbí kó rán èèyàn láti bá a pè é, àfi tó bá ti sọ ọ́ síta ṣáájú. Ẹni tó rà á lè ka títà bẹ́ẹ̀ sí jìbìtì. Àánú ò yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìyẹn.

Ẹ wo ìwé akọ̀wé wọn. Ẹ wá iye tó kẹ́yìn tí ẹlòmíì, yàtọ̀ sí àbúrò yẹn, pè lórí agbádá náà, kí ẹ fi ìwọ̀nba tí òfin gbàǹjo yín ní kí èèyàn fi kún owó kún un. Iye tó yẹ kí ẹ san nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti àbúrò yẹn nìkan lẹ pe owó, iye àkọ́kọ́ tí ẹ pè ni tiyín. Ẹ kọ ọ́ sí alábòójútó ní ìkọ̀kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Tí owó tó lé bá ti dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni yẹn ni kí ẹ ti gbà á. Alábòójútó ni kó san án fún yín látinú àpò rẹ̀.