Ṣé mo lè fi àwòrán Adriaen van Ostade ran aṣọ eré?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aránṣọ ni mí. Ẹgbẹ́ eléré kan ní kí n rán aṣọ obìnrin abúlé Holland ti nǹkan bí ọdún 1650, àwòrán dúdú-funfun ti Adriaen van Ostade, ayàwòrán ará Holland ìgbà náà, ni wọ́n sì kó fún mi. Ṣé kí n gé aṣọ bí mo ṣe rí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, mà. Bí aṣọ ṣe gùn tó àti bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ léra wọn, ẹ tẹ̀ lé e. Ọ̀tún àti òsì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Van Ostade a máa fi ìda bo bàbà pẹlẹbẹ, a fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sára ìda náà, ásíìdì á wá jẹ ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá. Tí wọ́n bá fi tàdáwà kún ojú ìlà, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ọ̀tún ti di òsì nìyẹn. Ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́: bí òsì ni gbogbo wọn ń lò, ẹ gbé àwòrán náà síwájú dígí kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí etí èwù gorí ara wọn. Ẹ má fi orúkọ ayàwòrán ṣe àmì o. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sódì kó lè jáde dáadáa.

Ìborí ọ̀gbọ̀ funfun, èwù tó fún mọ́ àyà, yẹ̀rì gígùn onírun àgùntàn àti épírọ̀ọ̀nù ni ẹ máa nílò. Àwọ̀ wọn kò sí nínú tàdáwà dúdú. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà tó ní àwọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn ló kùn ún lẹ́yìn náà. Àwòrán ọlọ́dà van Ostade fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ṣùgbọ́n ará ìlú Haarlem ni, àwọn ará ìlú ló sì ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkísà tó ń wọ̀ fún àwọn ará oko máa ń pọ̀ jù lójú tèmi, pàápàá nínú iṣẹ́ ìgbà èwe rẹ̀.

Ẹ fi Geertruydt Roghman kún un. Obìnrin ayàwòrán ará Amsterdam ní ìgbà van Ostade ni, ó sì fín àwòrán márùn-ún nípa iṣẹ́ ilé: òwú rínran, aṣọ rírán, oúnjẹ sísè, ìkòkò fífọ̀ àti aṣọ ṣíṣẹ́ léra. Ilé ìlú ni wọ́n wà, kì í ṣe abúlé, àmọ́ ẹni tó ń fọ ìkòkò kẹ̀yìn sí wa. Ẹ̀yìn aṣọ tí aránṣọ máa ń wá kiri wà níbẹ̀ gbangba.

Rijksmuseum, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Amsterdam, gbà kéèyàn wa àwòrán wọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú èyí tó tóbi jù, kẹ́ ẹ lè rí ibi tí ìṣẹ́po yẹ̀rì ti bẹ̀rẹ̀ nídìí.