Ìbéèrè Yín: Ṣé ooru ewé lè sọ pé omi ń tán lóko?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tòmátì ni mò ń gbìn ní Kétu níbí, ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń fa omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ ló wá, ó mú nǹkan bí ìbọn tí wọ́n ń nà síni níwájú orí nígbà kòrónà, ó nà án sí ewé, ló bá ní òùngbẹ ti ń gbẹ oko mi. Kò sí ewé kan tó rọ o! Ṣé kò fi mí ṣeré ṣá?
Bàbá Alátòmátì, Kétu

Bàbá, ẹ kú oko. Kò fi yín ṣeré. Ẹ rántí àmù àwọn ìyá wa, kò sí fìríìjì níbẹ̀ àmọ́ omi inú ẹ̀ tutù nini, torí omi ń yọ lára ìkòkò, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru dání. Ooru ọ̀hún ò kéré o, sísọ lítà omi kan di oru ń jẹ ooru tó ju ìlọ́po 7 èyí tó máa mú un hó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà lewé ṣe ń tu ara ẹ̀. Tómi bá ń tán nílẹ̀, á pa àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ dé, ara ẹ̀ á gbóná kó tó rọ rárá.

Sátẹ́láìtì bíi Landsat 8 àti 9 náà ń ka ooru ilẹ̀ látòkè, àwọn onímọ̀ á wá yọ ooru tó wọlẹ̀ àti èyí tó bá afẹ́fẹ́ lọ kúrò nínú ti oòrùn, èyí tó kù lomi fi fò lọ. Àmọ́ ọjọ́ 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń padà wá, tójú ọjọ́ bá ṣú kò rí nǹkan kan, ojú kan ṣoṣo nínú fọ́tò ooru ẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 100, oko yín àti ti aládùúgbò á pò pọ̀ ni.

Ìbọn yẹn sàn fún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti kòrónà, ara èèyàn ni wọ́n ṣèyẹn fún, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń wo ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ bomi rin igun oko kan yó lálẹ́, lọ́jọ́ kejì bí aago 1 ọ̀sán ẹ ka ewé ibẹ̀, kẹ́ ẹ ka ti ibi tó kù, tí ti ibi tó kù bá fi dáadáa gbóná jù ú lọ, ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ sún mọ́ ewé o, kó má lọ ka ilẹ̀ gbígbóná àárín ebè. Tẹ́ ẹ bá sì bomi rin ín tán tí kò tutù, ẹ fa ìdí kan tu, ó lè jẹ́ gbòǹgbò ló ń jẹrà.